Írẹ́lándì Ní Ọmọ Ogun Tirẹ̀, Kì í Ṣe Sójà Gẹ̀ẹ́sì Ló Ń Ṣọ́ Ọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Írẹ́lándì kò ní sójà, nítorí pé kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni bí ogun bá dé. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá a ṣọ́lé. Irọ́ ni. Àìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ni pé kò sí nínú NATO, ẹgbẹ́ ológun tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wà. Kò ní kí ó má gbé ìbọn.

Ilé ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣàkóso Írẹ́lándì nígbà náà, ló kọ́ púpọ̀ nínú bárékè ibẹ̀. Curragh ní Kildare, ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí ogun Crimea ń lọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1922 ni wọ́n kó o lé ọmọ ogun Írẹ́lándì lọ́wọ́. Àwọn tó gbà á bẹ̀rẹ̀ sí yí orúkọ bárékè padà sí ti àwọn tó jà fún òmìnira: Portobello ní Dublin di Cathal Brugha, Victoria ní Cork di Collins. Bárékè méje tó wà nínú Curragh ń jẹ́ orúkọ àwọn méje tó fọwọ́ sí ìkéde òmìnira 1916. Èbúté mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní Cork, Berehaven àti Lough Swilly, wọ́n sì dá wọn padà ní 1938. Bárékè Thiepval ní Lisburn àti Palace ní Holywood tí ẹ máa ń gbọ́, Àríwá Írẹ́lándì ni wọ́n wà, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Irish Guards náà, láti 1900 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà ṣì yín lọ́nà.

Lónìí, olú-ibùdó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kìíní wà ní Collins ní Cork, ti èkejì wà ní Cathal Brugha. Curragh ni wọ́n ti ń kọ́ sójà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn akọni Army Ranger Wing wà. Àwọn ti òfuurufú wà ní Casement ní Baldonnel, àwọn ti ojú omi wà ní Haulbowline, ní èbúté Cork.

Ibi tí agbára wọn ti dínkù wà lóòótọ́. Gbogbo wọn kò tó 8,000. Wọn kò ní jẹ́ẹ̀tì ìjà kankan. PC-9M tí wọ́n ń fò, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ òfuurufú ni. Ó lè gbé ìbọn àti rọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ abẹ̀bẹ̀ iwájú ló ń fà á, kò lè lé jẹ́ẹ̀tì bá. Ní ojú omi, wọ́n ní ọkọ̀ P60 mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 90, ó ní ìbọn 76 mílímítà níwájú, ó sì ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tó lé ní 40. Níbí gan-an ni wàhálà wà. Bí àwọn tó mọ ẹ̀ńjìnnì àti ẹ̀rọ iná bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ síbi tí owó wà, ọkọ̀ tuntun á so mọ́ èbúté láìlọ sí ibì kankan. Ìbọn kò sọnù. Ènìyàn ni kò sí.

Shannon tí àwọn kan ń pè ní ibùdó Amẹ́ríkà ńkọ́? Pápákọ̀ òfuurufú aráàlú ni, kì í ṣe ibùdó Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ òfuurufú ológun òkèèrè gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè kó tó balẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbé ohun ìjà tàbí ohun abúgbàù, kò ṣe amí, kò sì sí nínú ìdánrawò ogun.

Láti 1958 ni sójà Írẹ́lándì ti ń ṣe iṣẹ́ àlàáfíà lókè òkun láìdáwọ́ dúró. Òfin 1960 ló so àgádágodo mẹ́ta mọ́ ọn: bí sójà tó ń lọ bá lé ní 12, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìjọba àti ilé aṣòfin Dáil gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìjọba sì ti gbé àbá kalẹ̀ láti yọ ti Àjọ náà kúrò. Ní Congo, Seán Mac Eoin, ọmọ Írẹ́lándì, ló ṣe olórí gbogbo sójà Àjọ náà ní 1961 sí 1962. Nígbà tó di 1964, Aguiyi-Ironsi wa ló jókòó sórí àga kan náà.