Orin Ìṣọ̀kan Kò Lè So Àwùjọ Pọ̀

Ìjọba tún ti gbé ìpolongo ìṣọ̀kan dé. Orin tuntun ń bọ̀ lórí rédíò, ìgbìmọ̀ tuntun ti jókòó, wọ́n sì ní kí aráàlú fẹ́ràn ara wọn. A ti sọ ọ́ níbí rí, a ó tún un sọ: ìwàásù kọ́ ló ń so àwùjọ pọ̀.

Ọdún 1893 ni Émile Durkheim, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti là á yé wa. Níbi tí iṣẹ́ àti ìgbàgbọ́ gbogbo ènìyàn bá ti jọra, ìjọra yẹn ló ń dè wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí iṣẹ́ bá ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ohun tó so ènìyàn pọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè dá a ṣe: mẹkáníìkì ò lè ṣe kó má wá dókítà, dókítà ò sì lè ṣe kó má wá mẹkáníìkì. Irú àwùjọ kejì yìí là ń gbé, oògùn ti àkọ́kọ́ ni àwọn aláṣẹ ṣì ń lò fún un. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo wa máa ronú bákan náà.

Durkheim ò sì dúró síbẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ìbí tàbí agbára ni wọ́n fi ń pín ipò, tí kì í ṣe òye, iṣẹ́ tí a pín yìí kò ní so ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́, ìjà ni yóò bí. Ẹni tó yege ìdánwò, tí wọ́n wá gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ ọ̀gá, orin wo lẹ fẹ́ kọ fún un?

Lọ́dún 1997, Robert Sampson, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àdúgbò 343 ní ìlú Chicago lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n bi àwọn olùgbé ibẹ̀ pé: bí ọmọ bá sá nílé ìwé, tó ń fẹsẹ̀ palẹ̀ níkorítá, ṣé aládùúgbò á dá sí i? Bí ìjọba bá fẹ́ ti ilé iṣẹ́ panápaná tó wà nítòsí, ṣé wọ́n á jọ dìde kí wọ́n má bàa tì í? Ṣé ẹni tó wà ládùúgbò ṣeé fọkàn tán? Níbi tí wọ́n ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìwà ipá kéré, kódà láàárín àwọn àdúgbò tí òṣì wọn dọ́gba. Ohun tó sì ń ba ìfọkàntán yìí jẹ́ ni òṣì tó gbá jọ sójú kan àti káwọn ayálégbé máa kó wọlé kó jáde. Ẹni tó máa kó lọ lóṣù tó ń bọ̀ kì í bá ọmọ ọlọ́mọ wí.

Ìgbìmọ̀ mélòó ló máa jókòó kí ẹnì kan tó ka àbọ̀ tí ti àkọ́kọ́ kọ? Ó ti sú wa!

Owó orin yẹn, ẹ fi dáàbò bo ayálégbé kí onílé má lè lé e jáde lójijì. Ẹ gbé máàkì gbogbo ẹni tó ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ síta, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ẹ gbà, kí aráàlú fojú ara wọn rí i. Ti ọdún tó kọjá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.