Àtúnṣe: Owó ilé ní Rẹ́mọ lè gòkè kí èrè má sí níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí WhatsApp pé ẹni tó bá ra ilé ní Ṣàgámù, Ìpérù tàbí Ìlíṣàn ò lè pàdánù láé, torí pé owó ilé kì í wálẹ̀. Irọ́ ni. Ní oṣù Kejìlá 2024, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ní ọ̀wọ́n-gógó ọjà jẹ́ 34.80% láàárín ọdún kan. Ká ní ilé mílíọ̀nù 20 náírà di mílíọ̀nù 25 lọ́dún náà, 25% péré ló fi lé. Ohun tí mílíọ̀nù 25 yẹn lè rà kò tó ti mílíọ̀nù 20 àtẹ̀yìnwá mọ́. Àdánù pọ́ńbélé ni! Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí yá owó èlé. Pápákọ̀ òfurufú tó wà láàárín Ìpérù àti Ìlíṣàn lè fa oníbàárà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ti bu ìrètí yẹn mọ́ owó tí wọ́n ń pè.