4.3 tí ẹ ń pariwo yẹn, aago ta ló kà á?

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ háískùù tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, kì í ṣe ti ẹsẹ̀) tí àwọn yunifásítì ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́ níbí, torí ariwo yìí ti pọ̀ jù. Ọmọ ọdún 17, wide receiver (ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù), ara ò tíì gbó, kóòṣì ẹ̀ ní ó sá 40 yáàdì ní sẹ́kọ́ńdì 4.3, ló bá di pé àwọn fáànù kan ti ń fi wé Tyreek Hill, wide receiver tó lókìkí fún eré sísá, àwọn kan ní irọ́ gbuu ni, àwọn kan tiẹ̀ ti ń bú ìyá ara wọn lórí ọmọ tí wọn ò rí sójú rí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú, èmi ò gba 4.3 kankan gbọ́ tó bá jẹ́ pé kóòṣì háískùù ló fọwọ́ tẹ aago ẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. Ní Indianapolis, níbi Combine tí NFL (líìgì àwọn tó ń gbowó gbá a) ti ń dán àwọn tó fẹ́ wọlé wò, àwọn tí wọ́n ń pè lọ́dọọdún lé ní 300, géńdé ni gbogbo wọn, wọ́n ti ṣe yunifásítì fún bí ọdún mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á tún san owó fún ẹni tó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ eré yẹn nìkan. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, àwọn tó ń wọ abẹ́ 4.4 níbẹ̀ ò pọ̀ rárá. Xavier Worthy ló ní rẹ́kọ́ọ̀dù, 4.21, ní 2024, 4.22 ti John Ross ní 2017 ló sì fọ́. Ẹ wá ń sọ fún mi pé gbogbo àdúgbò ní Texas àti Florida ló ní ọmọ kan tó ń sá 4.3? Ẹ yé wa jàre.

Mi ò ní àwọn kóòṣì ń mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ o. Ibi tí eré ti ń parí ni kóòṣì máa ń dúró sí, 40 yáàdì gbáko sí ọmọ náà. Ìgbà tí ojú ẹ̀ bá rí i pé ọmọ ti mira ló tó máa tẹ aago, kí àtàǹpàkò ẹ̀ sì tó sọ̀ kalẹ̀ ọmọ ti gbéra. Àmọ́ tí ọmọ bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ń wò ó bọ̀ látòkèèrè, àtàǹpàkò ti wà ní sẹpẹ́, ìyẹn ò ní í pẹ́ rárá. Ìyàtọ̀ bíi 0.2 ti wọlé síbẹ̀ nìyẹn, ohun tó yẹ kó jẹ́ 4.5 ti di 4.3, ẹnikẹ́ni ò sì purọ́. Àti pé ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọmọ tí kóòṣì fẹ́ kó rí sikọ́láṣíìpù, ṣé ìwọ náà ò ní jẹ́ kí àtàǹpàkò ẹ yá díẹ̀?

Ohun tí mo máa ń wò ni 100 mítà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ló ń sáré fún ilé-ìwé wọn tí ìgbà bọ́ọ̀lù bá parí, ẹ̀rọ ló sì ń ka àkókò níbi ìdíje tó dáa, wọ́n á kọ bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́ sí i pẹ̀lú, tó bá ti ju mítà 2 lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan wọn ò ní í kà á sí rẹ́kọ́ọ̀dù. DK Metcalf, wide receiver, sá 4.33 ní Combine 2019, nígbà tó lọ bá àwọn olùsáré gidi du 100 mítà ní California ní 2021, 10.36 ni ẹ̀rọ kà fún un. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gbẹ̀yìn láàárín àwọn tí wọ́n jọ sá, àmọ́ ẹni tó ju 225 pọ́n-ùn lọ ni o! Nítorí náà tí ọmọ tiyín bá jẹ́ 4.3 lóòótọ́, ẹ fi 100 mítà ẹ̀ hàn wá. Tó bá jẹ́ 11.2 la rí níbẹ̀, kí kóòṣì lọ pààrọ̀ aago ẹ̀.

Metcalf yìí náà ni mo tún fẹ́ fi ṣàlàyé apá kejì ọ̀rọ̀ mi, torí àwọn fáànù ò ṣàánú ẹ̀ nígbà yẹn. Ìdánwò kan wà tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe ń yí po láàárín kóònù mẹ́ta, sẹ́kọ́ńdì 7.38 ló ṣe, wọ́n ní Tom Brady, quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) tí kò lè sáré pàápàá ṣe 7.20. Pẹ̀lú eré tó ní, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń mú ọmọ tuntun, èèyàn 63 ni wọ́n mú kí wọ́n tó dórí ẹ̀. Ó wá di oṣù kẹwàá 2020, Seattle tí Metcalf wà àti Arizona. Russell Wilson, quarterback Seattle, ju bọ́ọ̀lù, Budda Baker ti Arizona já a gbà ní ẹnu ilé Arizona lọ́hùn-ún, ó kọrí sí òdìkejì pápá, kò sẹ́nì kankan níwájú ẹ̀ mọ́. Èmi ti gbà pé touchdown ni (kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù wọ ìpẹ̀kun pápá fún póíǹtì), mo ti ń kanra. Àfi bí Metcalf ṣe yọ látẹ̀yìn, ó ń gbá bọ̀, ó ń gbá bọ̀, Baker ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀, ó sì gbá a mú nígbà tó ku yáàdì 8. Arizona ò rí póíǹtì kan mú níbẹ̀. (Seattle padà jìyà ẹ̀ ṣá, 37–34.) Ta ló ní kó sá a? Àwọn tó kù ti ń rìn. Aago wo ló máa ń ka ìyẹn?

John Ross tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, wide receiver ni, Cincinnati mú un ní ipò 9 nínú àwọn ọmọ tuntun torí eré, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kò gbà ní gbogbo sáà àkọ́kọ́ ẹ̀. Anquan Boldin, wide receiver mìíràn, sá 4.71 ní 2003, wọ́n ní ó ti lọ́ra jù, bọ́ọ̀lù 101 ló gbà lọ́dún yẹn gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọmọ tí kò yára báyìí ti parí, ẹ̀yin náà ẹ rọra. J.J. Watt tó padà di ìlúmọ̀ọ́ká dìfẹ́ńdà ní NFL, ìràwọ̀ 2 péré nínú 5 ni àwọn tó ń díwọ̀n ọmọ háískùù fún un. Tiwa-n-tiwa, Adewale Ogunleye, dìfẹ́ńdà, orúnkún ẹ̀ bàjẹ́ ní yunifásítì Indiana, ẹnikẹ́ni ò mú un ní 2000, Miami kàn gbà á wọlé bẹ́ẹ̀, nígbà tó di 2003 ó mú quarterback balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sẹ́ni tó tó o nínú AFC (ìdajì àwọn ẹgbẹ́ NFL) lọ́dún yẹn.

Torí náà, fídíò tí ọmọ náà ti ń sáré lóun nìkan nínú pápá, tí wọ́n fi orin sí, ó ti tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ní èyí tí dìfẹ́ńdà ti gbá a láyà níbi tó ti fẹ́ gbéra, tí ó sì ṣì gba bọ́ọ̀lù náà, kó gbé e wá.