Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí ọmọ lára kò lè gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀ ọ́

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí dókítà bá ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti lọ sílẹ̀, pé kí wọ́n tètè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni pé: “Ẹ̀jẹ̀ ta ni?” Wọn ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ olè, wọn ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ oníbìínú, wọn ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ilé rẹ̀ ń bọ ohun tí ilé tiwọn kì í bọ. Mo rí ìyá àgbà kan lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé: “Dúró de àbúrò rẹ, ó ti ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ilé wa ni kó wọ ara ọmọ yìí.” Ọmọ náà sì wà lórí ibùsùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá mí.

Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá àgbà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sá fún kò sí nínú àpò ẹ̀jẹ̀ yẹn rárá, ìdúró yẹn sì lè pa ọmọ. Ibà ló sábà ń gbé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn: kòkòrò rẹ̀ á wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, á bí síbẹ̀, á bẹ́ ẹ, á tún wọ òmíràn.

Sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ara wa. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, òun ló ń yan ohun tó lè wọlé àti ohun tó lè jáde. Nínú púpọ̀ nínú wọn ni mitokọ́ńdríà wà, tó ń sọ oúnjẹ di agbára, kóró kan sì wà láàárín. Inú kóró yẹn ni ADN (DNA), àkọsílẹ̀ ìran tí a gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá wa, wà. Bí a bá ní ká wá ìran ẹni nínú ara ẹni, ibẹ̀ la ó ti bá a.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kò ní kóró yìí.

Mùdùnmúdùn eegun ló ń ṣe é, ó ń ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, ó ní kóró bíi ti àwọn yòókù. Bó ṣe ń kún fún hẹmoglóbíìnì, tó ń gbé ọ́síjìn, kóró náà á máa súnkì, á sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, títí sẹ́ẹ̀lì á fi tì í jáde pátápátá. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó wà nítòsí á sì gbé e mì. Mitokọ́ńdríà náà á tẹ̀lé e. Ó dà bí awakọ̀ tó yọ gbogbo àga ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kí àpò àgbàdo lè gba ibẹ̀: hẹmoglóbíìnì tó tó mílíọ̀nù 270 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo. Ti adìyẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kán ẹ̀jẹ̀ adìyẹ sórí gíláàsì ní láábù, ẹ ó rí kóró nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan. Ti ènìyàn, àárín rẹ̀ tẹ̀ wọnú, ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nítorí pé kò ní kóró, kò lè bí òmíràn, kò sì lè tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ọjọ́ 120 ló ń lò, lẹ́yìn náà ara á wó o, á kó irin inú rẹ̀ fi ṣe tuntun. Kí oṣù mẹ́rin tó kọjá tán, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí ọmọ gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán pátápátá.

Ẹnìkan lè béèrè pé: sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni, ìyẹn ní kóró, ó ní ADN. Wọn kò pọ̀ nínú àpò náà, ara ọmọ sì máa ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Èyí tó bá tilẹ̀ ṣẹ́kù, iṣẹ́ ọmọ ogun ara ló mọ̀, kì í lọ kọ́ ọpọlọ bí wọ́n ṣe ń jalè. Àwọn kan wà tí wọ́n gba mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn, tí ẹ̀jẹ̀ inú wọn sì ń gbé ADN ẹni yẹn kiri títí ayé wọn. Ẹni tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì jẹ́.

Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 1901, dókítà kan, Karl Landsteiner, fi hàn ní Vienna, ní Austria, pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kò rí bákan náà. Ṣúgà kan ló wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tí ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ A, òmíràn lára ti ẹni B, méjèèjì lára ti ẹni AB. Ẹni O kò ní ìkankan. Bí ọmọ O bá gba ẹ̀jẹ̀ A tàbí B, ara rẹ̀ á dìde sí i, á máa bẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ìyẹn sì lè pa á. Ó sì ṣeé ṣe kí àbúrò tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ yẹn jẹ́ B, nígbà tí àjèjì kan tó ń ta ata lójú ọ̀nà jẹ́ O bíi ti ọmọ. Ọmọ ìyá kan náà pàápàá lè yàtọ̀ síra wọn.

Àrùn pẹ̀lú lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé: SIDA (éèdì), àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C, sífílíìsì. Ẹ̀jẹ̀ ará ilé ẹni lè ní wọn bíi ti ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì pé ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ wo ni ti ọmọ, ẹ̀yà wo ló wà nínú àpò, ṣé wọ́n ti po méjèèjì pọ̀ wò, ṣé wọ́n ti yẹ àrùn wọ̀nyí wò. Bí ìdáhùn bá ti pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀, kí àbúrò tó ti Àjàṣẹ́ bọ̀ fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tó kàn.