Èrò ọkàn mi: CBD kò ní yọ ikùn fún yín

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta lónìí nítorí ìpolówó tó gba gbogbo ojú Facebook àti WhatsApp wa kan: súìtì CBD tó ń yọ ikùn, òróró CBD tó ń jó ọ̀rá, ẹ lò ó fún oṣù kan kí ẹ wá jẹ́rìí. Mi ò gbà. Ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn wa kì í sì yéé bi mí ní ìbéèrè yìí, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù. Ìdáhùn kan náà ni mo ń fún gbogbo wọn. CBD tí ẹ ń rà lórí káńtà kò ní dín yín kù. Èyí tó mọ níwọ̀n tí kò fi léwu kò lè rí ọ̀rá gbé ṣe. Èyí tó pọ̀ débi tí ara fi lè fọn, ẹ̀dọ̀ ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè bá wa lọ: inú igbó, igbó tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ni CBD ti ń wá. Ohun tó wà nínú ewé àti òdòdó rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló gbajúmọ̀ jù. THC ló ń pa èèyàn bí ọtí ṣe ń pani. CBD kì í pa èèyàn bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á ní gbangba níbí. Ọdún 1940 ni Roger Adams yọ ọ́ jáde ní Yunifásítì Illinois, 1963 sì ni Raphael Mechoulam ní Ísírẹ́lì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tò ó pọ̀. Ọjà rẹ̀ ò tíì gbóná nígbà náà rárá. Ọdún 2018 ló gbóná. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn CBD kan tó ń jẹ́ Epidiolex fún oríṣi wárápá méjì tó le gan-an, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, òfin àgbẹ̀ tuntun wọn yọ̀ǹda igbó tí THC inú rẹ̀ kò ju ìdá 0.3 nínú 100 lọ. Láti ìgbà náà ni CBD ti wọ inú gbogbo nǹkan: súìtì, kọfí, ìpara, títí dé oúnjẹ ajá.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ fífọn ti wọ̀ ọ́? Lára Epidiolex yẹn ni. Nínú ìwé tó ń bá oògùn náà rìn, wọ́n kọ ọ́ pé ó lè mú kí oúnjẹ má wu èèyàn jẹ, kí ìgbẹ́ gbuuru máa yọ ọ́ lẹ́nu, kí oorun máa kùn ún, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ sì wálẹ̀. Ìyọnu tí oògùn ń fà nìyẹn, ohun tí dókítà ń ṣọ́ lára ọmọ aláìsàn. Àwọn oníṣòwò wá mú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nìkan, wọ́n fi ń pa owó. Ó ń dùn mí wọ egungun pé lára ọmọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ń polówó fún ẹni tó kàn fẹ́ kí aṣọ ẹbí gba òun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n Epidiolex fún un. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti mílígírámù 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, wọ́n á gbé e dé 10, ó sì lè dé 20. Ẹni tó bá wọn kílò 80, tí a bá fi 10 ṣírò fún un, mílígírámù 800 ni yóò máa lò lójúmọ́. Ìgò súìtì CBD kan tí wọ́n gbé wá bá mi láìpẹ́ yìí, mílígírámù 25 ni wọ́n kọ sí i lára fún ẹyọ kan, ọgbọ̀n ẹyọ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹyọ méjìlélọ́gbọ̀n ni yóò pé 800. Ìgò kan ò tó ọjọ́ kan. Mo yí ìgò náà padà, mo ka ohun tí wọ́n fi ṣe é: omi glucose ló ṣíwájú, ṣúgà tẹ̀ lé e, CBD wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó fẹ́ fọn wá ń fi owó rẹ̀ ra ṣúgà.

FSA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ nílùú ọba níbí, ti sọ tiwọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le má lò ju mílígírámù 10 lọ lójúmọ́. 70 ni wọ́n ń sọ láti 2020. Wọ́n já a wálẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé bí èèyàn bá ń lo ju 10 lọ fún ìgbà pípẹ́, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè kan thyroid tó wà lọ́rùn. Mílígírámù 10 yẹn kò ju bí ẹ̀kán mẹ́rin sí márùn-ún lọ nínú òróró CBD ìdá 5 nínú 100. Súìtì kan ṣoṣo láti inú ìgò yẹn ti kọjá ààlà, síbẹ̀ kò tíì sún mọ́ ibi tí àwọn aláìsàn yẹn ti ń fọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára jù nìyí.

Àwọn míì á ní, ṣebí ìwádìí wà. Ó wà. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Korea da CBD sórí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ní yàrá ìwádìí, wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì náà bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bí irú ọ̀rá tí ara fi ń mú ooru jáde. Inú àwo ni o, kì í ṣe inú ikùn èèyàn. Lọ́dún kan náà ni àbájáde ìwádìí mìíràn jáde nílùú ọba, ara èèyàn sì ni wọ́n ti ṣe ìyẹn: èèyàn 62 tó ní àtọ̀gbẹ, tí àwọn kan nínú wọn ń lo CBD mílígírámù 100 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 13. CBD ò mú ìwọ̀n ara wọn kúrò níbi tó wà. Ìlọ́po 20 ohun tí FSA ní ká má kọjá ni wọ́n ń lò, síbẹ̀ pàbó ló já sí. Ẹ wá fi wé semaglutide, abẹ́rẹ́ ìdínra tí wọ́n ń tà lórúkọ Wegovy. Èèyàn 1,961 ni wọ́n fi wádìí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 68. Àwọn tó gba oògùn náà fi bí ìdá 15 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú kò ju ìdá 2.4 lọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sáré lọ gún Wegovy, òun náà ní ìyọnu tirẹ̀, ó sì di kí dókítà tàbí ẹni tó láṣẹ kọ ọ́ fún èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí ṣe ń rí nìyẹn, CBD ò ní irú rẹ̀.

Ìtàn kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra nǹkan yìí gbọ́. Àwọn tó ń fa igbó mọ̀ pé ebi máa ń pa wọ́n gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọpọlọ, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní CB1, ibẹ̀ ni THC máa ń lọ dì mọ́, tí oúnjẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wu èèyàn. Àwọn tó ń ṣe oògùn wá rò ó pé, bí a bá dí ibẹ̀ pa ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Sanofi-Aventis ṣe é, wọ́n pè é ní rimonabant, orúkọ ọjà rẹ̀ ni Acomplia. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2006. Ó ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn fọn lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe ebi nìkan ló ń gba CB1 kọjá, ìdùnnú ọkàn náà ń gba ibẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn kan nínú àwọn tó ń lò ó, ó sì dé orí èrò àtipa ara ẹni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, ìgbìmọ̀ tó ń gba FDA nímọ̀ràn dìbò lé e lórí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló ní kí wọ́n má fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2008, àjọ oògùn ti Yúróòpù náà ní kí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé CBD ń ti ilẹ̀kùn ebi pa nínú ọpọlọ, ìdajì ìtàn yìí ló ń sọ. CBD kì í tilẹ̀ di CB1 mú dáadáa. Ká tún wá ní ó ń dí i bí wọ́n ṣe ń wí, rimonabant ti dí i rí, a sì rí ohun tó fà.

Ìyá kan wá sí káńtà wa, ìwé kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń fún àwọn tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ti dì ní ẹsẹ̀ wọn rí. Wọ́n yọ ìgò òróró kan nínú báàgì, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ hóró warfarin aláwọ̀ búlúù wọn.

“Ọmọ mi, ṣé kò ní bá oògùn mi jà? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ó ń jẹ́ kí ikùn wọlé.”

“Mà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?”

“Mo ti ń kán díẹ̀ sábẹ́ ahọ́n láàárọ̀.”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀ ló ń tú warfarin palẹ̀ kó má bàa pọ̀ jù lára, CBD sì máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ yẹn. Tí warfarin bá wá ń gbá jọ, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dì mọ́ nígbà tó yẹ kó dì, ó sì lè máa ya nínú ikùn tàbí nínú ọpọlọ láìjẹ́ pé èèyàn fi nǹkan gún ara. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ nípa aláìsàn kan tó ń lo oògùn CBD pọ̀ mọ́ warfarin, tí wọ́n ní láti dín warfarin rẹ̀ kù ní bí ìdá 30 nínú 100. A pe àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ohun tí ìyá náà sọ kò tíì kúrò létí mi: “Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé oògùn ni. Wọ́n ní ewé ni.”

Àwa Yorùbá ló yẹ kó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ewé kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ta ló ń já ewé nílé wa láìbéèrè ìwọ̀n, láìbéèrè ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án? FSA náà wí pé aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹni tó ń wá oyún àti ẹni tó bá ń lo oògùn mìíràn, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ẹ ka àwọn tí mo dárúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn gan-an ni ìpolówó ìyọkùn ń wá kiri: ìyá ọmọ tuntun, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò gan-an kò ṣe é gbára lé. Nínú ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn oníṣègùn JAMA ní 2017, wọ́n ra ọjà CBD 84 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 26 péré ni ohun tó wà nínú wọn bá ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára mu. Wọ́n bá THC nínú 18. Ẹ̀yin awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀yin tí wọ́n ń yẹ ìtọ̀ yín wò níbi iṣẹ́, bí wọ́n bá bá THC níbẹ̀, ẹ ò ní rí àlàyé ṣe fún ọ̀gá yín. Ní ti ojú àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìpolówó: Tom Hanks fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ òun nínú ìpolówó CBD, Oprah Winfrey náà sì jáde sọ pé òun kò lọ́wọ́ nínú súìtì ìdínra kankan.

Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn obìnrin wa lẹ́sẹ̀. Wọ́n á bímọ tán, kí wọ́n tó dé òde ìkómọ, ẹnìkan á ti sọ pé “ìyàwó, o mà ti di orobó o.” Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, wọ́n ń jẹ èbà ní agogo méjì òru torí ìgbà yẹn ni wọ́n ráyè, wọn kì í sì sùn tó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó bá wá bá mi, ohun tí mo máa ń bi í ni pé oògùn wo lo ń lò, nítorí àwọn oògùn kan bíi prednisolone máa ń mú ni sanra. Mo máa ń ní kó lọ bá dókítà rẹ̀ yẹ thyroid wò. Àwọn ìbéèrè yìí ò wù ú gbọ́ tó súìtì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n owó tó fi òógùn ojú wá kò ní bá a wọgbó.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n bá òun ra ìgò mẹ́ta, òun fẹ́ kó o lọ sílé fún àwọn àbúrò òun ní Kérésì. Mo ní rárá. Òfin Nàìjíríà ò fàyè gba igbó, NDLEA ló sì ń ṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú. Òótọ́ ni pé gómìnà Oǹdó ìgbà náà, olóògbé Rotimi Akeredolu, bá ọ̀gá NDLEA lọ sí Thailand ní oṣù Karùn-ún 2019 láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi igbó ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ìrìn àjò yẹn ò sọ igbó di ohun tí èèyàn lè dì sínú báàgì. Mo ti ní kí wọ́n fi orúkọ oògùn tí àwọn àbúrò wọn ń lò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin náà tó bá ní oògùn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti ta CBD fún yín, ẹ kọ orúkọ oògùn náà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe níta gbangba níbí. Màá dá yín lóhùn tí mo bá ti iṣẹ́ dé.