Bọ́ǹbù Nashville àti iṣẹ́ àgbàṣe tí ìjọba kò gbé fún AT&T

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2020, ọkùnrin kan fi bọ́ǹbù tí ó dì sínú ọkọ̀ rẹ̀ pa ara rẹ̀ níwájú ilé tí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ AT&T kó ẹ̀rọ tẹlifóònù sí ní Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí àhesọ fi gba ìgboro pé ìjọba ti gbé iṣẹ́ fún AT&T láti tú ẹ̀rọ ìdìbò tí ilé-iṣẹ́ Dominion ṣe yẹ̀wò, pé wọ́n ti ń kó àwọn ẹ̀rọ náà bọ̀ ní Nashville, àti pé ńṣe ni wọ́n fi bọ́ǹbù pa ẹ̀rí màgòmágó ìbò ààrẹ rẹ́.

Ta ni ìbá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde? Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ́ ni ó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìdìbò. Ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ni ó wà, kò sì sí èyí tí ó sọ pé òun fi tòun ránṣẹ́ sí Nashville. Nígbà tí adájọ́ kan pàṣẹ ní oṣù yẹn kan náà pé kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ Dominion wò ní Antrim, ní ìpínlẹ̀ Michigan, àṣẹ náà wà ní gbangba, àbọ̀ àyẹ̀wò náà sì jáde; ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe é, kì í ṣe AT&T, tí kò sí lára àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí láti máa dán ẹ̀rọ ìdìbò wò. Ohun tí ó tún wá burú jù fún àhesọ náà ni pé ìwé ìdìbò ṣì wà nílẹ̀: ní Georgia, ọwọ́ ni wọ́n fi tún nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 ìbò kà ní oṣù Kọkànlá, ó ju oṣù kan lọ kí bọ́ǹbù tó bú, Joe Biden náà ni ó sì tún wọlé.

Bọ́ǹbù náà kò tilẹ̀ wó ilé ọ̀hún. Iná àti omi ni ó ba ohun tí ń pèsè iná mànàmáná fún un jẹ́, bátìrì gbé ẹ̀rọ tẹlifóònù náà fún wákàtí mélòó kan kí ó tó kú, àwọn òṣìṣẹ́ AT&T sì dá ògiri lu kí wọ́n lè fa wáyà jẹnẹrétọ̀ wọlé. Ẹni tí ó fẹ́ pa ẹ̀rí rẹ́ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìdára nìyẹn! Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, FBI, ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, parí ìwádìí pé ọkùnrin náà dá a ṣe ni, pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀, àti pé ìdààmú ayé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìgbàgbọ́ àjèjì tí ó ti dì mú tipẹ́ wà lára ohun tí ó tì í.

AT&T ní iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba lóòótọ́, kò sì pamọ́. FirstNet ni orúkọ rẹ̀, àdéhùn ọlọ́dún 25 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2017, tí owó ìjọba inú rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 6.5 dọ́là, kí ọlọ́pàá àti panápaná lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà ìjàǹbá. Ní ọjọ́ Kérésìmesì yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà gan-an já mọ́ àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́, nọ́ńbà 911 tí wọ́n ń pè nígbà pàjáwìrì sì kú ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ìdí tí ilé kan ṣoṣo fi lè fa èyí ni ó yẹ kí wọ́n máa bi AT&T àti ìjọba.