Ẹ̀yìn Igi Nìkan Ni Àkókó Mọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó di àrùn sí mi lára.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo ti fi ń lé ẹyẹ kan ṣoṣo nínú oko obì kan lẹ́yìn Òde Rẹ́mọ. Àkókó ni. Kì í sì í ṣe ẹyẹ ọ̀wọ́n o! Àwa tí wọ́n bí síbí, láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ láàárọ̀, ko-ko-ko-ko, bíi káfíńtà tí iṣẹ́ oníṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbé kámẹ́rà dání ná, ẹ ó mọ̀ pé ìwà ẹyẹ yìí ò dáa.

Á gbá igi títí ẹ ó fi mọ igi tó wà gan-an. Ẹ ó yọ́ rìn, ẹ ò ní tẹ ewé gbígbẹ, ẹ ó gbé lẹ́ǹsì sókè. Ó ti yí sẹ́yìn igi. Kò mà fò lọ! Ì bá fò lọ kí n yáa máa lọ sílé. Ó wà lẹ́yìn igi níbẹ̀, ó ń gbá a lọ. Ẹ bá a yí sápá òsì, òun náà á yí sápá ọ̀tún. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn, ìrù rẹ̀ sì le gbagidi, ó fi ń ti ara rẹ̀ bí ẹni jókòó lórí àpótí. Kí ló wá fẹ́ kánjú sí? Èmi tí ọrùn ń dùn ni kó kánjú.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọjú. Akọ ni, àtàrí pupa bí ẹni da epo sí i, àyà rẹ̀ rí bí eérú. Mo tẹ kámẹ́rà, ara mi ń gbọ̀n. Ìgbà tí mo wò ó, ewé obì kan ni kámẹ́rà mú, ó mọ́ kedere, ẹ lè ka iṣan ara rẹ̀. Ẹyẹ wá di àbàwọ́n pupa lẹ́yìn ewé. Irú wọn lè sọ igi tó ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnu yẹn dúró jẹ́ẹ́ nínú fọ́tò, àfi kó ya á ní ìdá kan nínú 2000 ìṣẹ́jú àáyá. Ìmọ́lẹ̀ dà lábẹ́ igi obì? Mo bá fi tipátipá mú kámẹ́rà kó ríran. Fọ́tò jáde, ó rí bí ẹni wọ́n gàrí sí i.

Àwọn àgbà ní àkókó fọ́nnu pé òun á gbẹ́ pósí fún ìyá òun, ọjọ́ tí ìyá kú, eéwo sọ ọ́ lẹ́nu. Èmi ò rí eéwo kankan lẹ́nu tèmi.

Ọ̀rọ̀ èèyàn tún wà níbẹ̀ o. Ọlọ́kadà á dúró, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti ta ibí ni?" Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ onílẹ̀ méjì ká mi mọ́ ibẹ̀, wọ́n ní ìdílé wo ló rán mi wá wọn ilẹ̀. Mo ní ẹyẹ ni mò ń yà. Wọ́n ní kí n fi ẹyẹ hàn wọ́n. Mo ṣí kámẹ́rà. Fọ́tò igi lé ní 300, iwájú igi, ẹ̀yìn igi, ẹ̀gbẹ́ igi, ẹyẹ ò sí níbì kankan. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, ta ni kò ní pè mí ní awọnlẹ̀? Wákàtí kan ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀. Nílé, ìyàwó mi ti sọ mí ní Bàbá Onígi.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Òkú ọ̀pẹ kan wà nínú oko yẹn, imọ̀ rẹ̀ ti wọ́ dànù, kò ku ju òpó lọ. Igi tó ti jẹrà báyìí ni àkókó máa ń gbẹ́ ilé sí, mo sì rí i tó ń gbẹ́ ihò sára rẹ̀. Mo ní ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tí kì í wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ yẹn, kí ó lè mọ̀ mí lójú.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀pẹ ti wà nílẹ̀, wọ́n ti gé e sí mẹ́ta, ihò yẹn kọjú sókè. Bàbá tó ni oko jókòó lórí ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ọmọ mi, mo rí i pé o ò kúrò lábẹ́ ọ̀pẹ yìí lójoojúmọ́. Mo ní kó má lọ wó pa ọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."